Ojúṣe ilé oògùn sí àwùjọ: orí tábìlì ẹni tó ń bá a ra ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí ilé oògùn tó ní ẹ̀ka káàkiri bá fẹ́ kọ ètò ojúṣe rẹ̀ sí àwùjọ, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wọ inú ìwé náà ni igi gbíngbìn, ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ kan lọ́dún, àti owó fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ètò náà parí sí, a ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a wá ń pa làpálàpá. Ọjà tí ilé oògùn ń tà yàtọ̀ sí bàtà àti aṣọ. Ó lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè ṣe ẹni tí kò bá wọn dá sí i rárá ní jàǹbá: ọmọdé tó rí i lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹja inú odò, ẹyẹ tó jẹ òkú ẹran. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo gbà pé ó yẹ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́: nínú gbogbo oògùn tó wọ ilé ìkẹ́rùsí wa lọ́dún yìí, mélòó ló dé ara aláìsàn tó nílò rẹ̀, níbo sì ni ìyókù wà?

Ìyókù yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré. Ní àwọn ọdún 1990, igún bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹrẹẹrẹ ní Índíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì í. Lára irú igún tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó lé ní ìdá 99 nínú 100 tó pòórá. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé diclofenac ló fà á, oògùn ara ríro kan náà tí èèyàn ń lò, tí wọ́n ń fún màlúù. Igún tó bá jẹ òkú màlúù tí oògùn náà ṣì wà lára rẹ̀, kíndìnrín igún náà á daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2006, Índíà, Pakistan àti Nepal fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Ní Ontario ní Kánádà, àwọn onímọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da ethinylestradiol, èròjà inú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, sínú adágún kan fún ọdún mẹ́ta láti 2001. Nanogram 5 sí 6 péré (nanogram kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù) ló wà nínú lítà omi kan. Síbẹ̀, akọ ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní fathead minnow bẹ̀rẹ̀ sí í ní èròjà ẹyin tó yẹ kó wà lára abo nìkan, irú ẹja náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú adágún náà.

Òótọ́ ni pé apá tó pọ̀ jù nínú oògùn tó ń dé odò, inú ìtọ̀ àwa èèyàn ló ti ń wá, ilé oògùn kò sì lè dí ọ̀nà yẹn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò, tó bàjẹ́, tí wọ́n wá dà nù, ìyẹn ló wà níkàáwọ́ wa. Ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ètò ń ṣìnà, nítorí pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n kó oògùn tó ti kọjá ọjọ́ jọ sí. Oògùn ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó ń ra ọjà ní olú ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ohun tó pọ̀ ju ohun tí àwọn ẹ̀ka lè tà lọ ló ti bàjẹ́.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Oníṣòwò oògùn á gbé ẹ̀dínwó wá: ẹ ra páálí ọgọ́rùn-ún, ẹ ó gba mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. Olùrajà á gbà, torí pé èrè orí páálí kan ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ tirẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ á pín in dọ́gbadọ́gba fún gbogbo ẹ̀ka, ẹ̀ka tó ń ta ogún lóṣù àti ẹ̀ka tó ń ta méjì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, dókítà kan tó wà nítòsí á yí oògùn tó máa ń kọ padà, tàbí kí oògùn irú kan náà tó dínwó jù ú lọ dé ọjà. Èyí tó kù á jókòó sórí pẹpẹ. Ẹ̀dínwó tí wọ́n rí gbà lọ́jọ́ ìrajà ti wọ ìwé èrè, àdánù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba ọjà wọlé ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú oníṣòwò pé oògùn tí àkókò tó kù fún un kò bá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àkókò tó lè fi wúlò kò ní wọlé, àfi èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀, tí apoògùn àgbà sì fọwọ́ sí. Kí wọ́n tẹ nọ́ńbà báàṣì (báàṣì ni àwọn oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) àti ọjọ́ ìparí sínú kọ̀ǹpútà fún báàṣì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn á tẹ ọjọ́ páálí tó wà lókè fún gbogbo ẹrù, báàṣì mẹ́ta á wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Àtìgbà yẹn lọ, kò sí ìkìlọ̀ kankan tí kọ̀ǹpútà bá ṣe tó ṣeé gbára lé. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mú un ni pé kí ẹlòmíràn mú páálí márùn-ún láìyàn nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, kó fi ọjọ́ ara wọn wé ti inú kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, kí wọ́n tún gbogbo ẹrù náà kà.

Lórí pẹpẹ, èyí tó máa kọ́kọ́ parí ni kó wà níwájú, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ dé. Bó bá ku oṣù mẹ́fà, ìṣirò ni ohun tó kàn, kì í ṣe dídì mọ́ ìrètí. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ka kan ní páálí 40, ó ń ta mẹ́rin lóṣù. Nínú oṣù mẹ́fà, 24 ló máa tà. Páálí 16 tó kù ti di ìdọ̀tí lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń dán lórí pẹpẹ. Bí ẹ̀ka mìíràn bá ń ta 12 lóṣù, tí ẹrù tirẹ̀ kò sì pọ̀, kí wọ́n gbé 16 yẹn lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Àǹfààní tó wà nínú níní ẹ̀ka púpọ̀ nìyí, ilé oògùn oníṣọ́ọ̀bù kan kò ní in. Ohun tó ń ba ètò náà jẹ́ ni pé ọ̀gá ẹ̀ka máa ń di oògùn mú títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó gbé e fún ẹlòmíràn, kí àdánù lè bọ́ sí ọrùn ẹni yẹn. Mo dúró lórí èyí gidigidi: ọrùn ẹni tó ra ọjà ló yẹ kí àdánù wà, níbikíbi tí oògùn náà bá parí sí. Bí olú ilé-iṣẹ́ bá ń ru ẹrù ohun tó rà, ìrajà á yí padà láàárín ọdún kan.

Ní ẹnu káńtà pẹ̀lú, kí òṣìṣẹ́ má wo ọjọ́ òní nìkan. Ẹni tó gba oògùn oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ lo hóró tó kẹ́yìn kí ọjọ́ ìparí tó pé. Oògùn ojú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ju ọjọ́ 28 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i, ọ̀pọ̀ ínsúlínì náà sì rí bẹ́ẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ fi bírò kọ "ọjọ́ tí mo ṣí i" sára ìgò, kó fi àyè sílẹ̀ fún oníbàárà láti kọ ọjọ́ náà. Bírò lásán ni, àǹfààní rẹ̀ sì ju ti ìwé ìpolówó lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n fi oògùn tó fẹ́ parí ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Ẹ ṣọ́ra o. Nígbà ogun Bosnia, láàárín 1992 sí 1996, wọ́n díwọ̀n oògùn tí kò wúlò tí àwọn olóore kó débẹ̀ sí tọ́ọ̀nù 17,000, àwọn tí ogun ti hàn léèmọ̀ ló wá ń wá ibi tí wọ́n máa sun ún sí. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí oògùn ọrẹ ṣì ní ó kéré tán ọdún kan lórí nígbà tó bá dé, kó jẹ́ ohun tí àwọn tó máa gbà á béèrè fún, kó má sì jẹ́ èyí tí aláìsàn ti gbà kó tó dá a padà. Tí oògùn bá ti wọnú àpò aláìsàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá inú ọkọ̀ tó gbóná ló ti lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Èyí ló gbé wa dé orí àpótí ìdápadà, tí mo kà sí ohun tó dára jù tí ilé oògùn lè gbé kalẹ̀ fún àdúgbò. Ní Faransé, Portugal àti Sweden, ó ti di ìṣe àwọn èèyàn láti kó oògùn tó ṣẹ́kù padà sí ilé oògùn. Àpótí irin ni kó jẹ́, kí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀, kó wà níbi tí apoògùn ti lè rí i láti ẹnu káńtà. Kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí nǹkan lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò lè wọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì, lọ́wọ́ èèyàn méjì. Kí oníbàárà yọ páálí àti ìwé àlàyé kúrò, kí àpótí má bàa tètè kún, kó sì ya orúkọ rẹ̀ kúrò lára ìgò. Oògùn olómi kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìgò rẹ̀, inú ọ̀rá tó dì ni kó wà. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ láé: àpótí oníke líle tiwọn wà fún un, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tì pa nígbà tó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ínhélà, ohun èlò tí àwọn tó ní ikọ́ fée fi ń fa oògùn sínú, náà yàtọ̀, nítorí gáàsì inú rẹ̀ lè bú gbàù nínú iná.

Bí àpótí bá kún, kí èèyàn méjì dì í pọ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ tú u wò láti ṣa èyí tó ṣì dára. Inú irú ṣíṣà bẹ́ẹ̀ ni olè ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan jù síbẹ̀ láìbìkítà ti ń gún ọwọ́. Kí ilé-iṣẹ́ sì ti san owó pípa á run sílẹ̀ kó tó gbé àpótí àkọ́kọ́ jáde, nítorí pé ohun tó ń pa irú ètò yìí ni pé ẹrù á pé jọ, owó ọkọ̀ kò sí, yàrá ẹ̀yìn á wá di ibùdó oògùn tí kò ní olúwa.

Lórí pípa oògùn run, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà jáde ní 1999 tó ṣì wúlò fún ibi tí kò sí iná ìleru ńlá. Wọ́n á yọ hóró kúrò nínú káàdì rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì pò ó: nínú ìwọ̀n 100, oògùn 65, láìmù (ìyẹ̀fun funfun ti ìkọ́lé, kì í ṣe èso) 15, sìmẹ́ńtì 15, omi 5 tàbí kó lé díẹ̀. Bó bá ti di àpòpọ̀ kíki, wọ́n á dà á sínú ilẹ̀ ìdàdọ̀tínù. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n kó oògùn sínú dúrọ́ọ̀mù dé ìdá 75 nínú 100, kí wọ́n fi àpòpọ̀ láìmù, sìmẹ́ńtì àti omi kún ìyókù, kí wọ́n dí i pa, kí wọ́n sì rì í mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ iná, ìleru oníyàrá méjì tó gbóná tó 850°C ó kéré tán ni, oògùn jẹjẹrẹ sì ń fẹ́ 1200°C. Sísun ún nínú àgbá lẹ́yìnkùlé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: káàdì oògùn, ike PVC ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Kí wọ́n ba ìgò àti páálí jẹ́ pátápátá kí wọ́n tó jù wọ́n nù. Ìgò òfìfo tí lébẹ́lì rẹ̀ pé pérépéré, ohun èlò ni fún àwọn tó ń ṣe ayédèrú oògùn. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé díwọ̀n rẹ̀ pé nínú oògùn mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, ọ̀kan jẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí kò kúnjú ìwọ̀n.

Fíríìjì wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni oògùn tó wọ́n jù ti ń bàjẹ́ láìsí àmì. Ínsúlínì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gbé láàárín 2°C sí 8°C. Ooru ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n dídì burú bákan náà, nítorí ínsúlínì tó dì tó sì tún yọ́ lè mọ́ kedere lójú nígbà tí agbára rẹ̀ ti lọ. Fíríìjì ilé tó ní fírísà kékeré lókè kò dára fún iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tutù ju bó ti yẹ lọ. Kí oògùn wà láàárín, kó má kan ògiri ẹ̀yìn, kí ohunkóhun má sí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí wọ́n to ìgò omi sí àyè tó ṣófo, torí òun ló máa mú òtútù dúró nígbà tí iná bá lọ. Kí wọ́n ka tẹmómítà tó ń rántí ibi tí ooru ga dé jù àti ibi tó rẹlẹ̀ dé jù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì tún un tò lẹ́yìn kíkà. Bí a kò bá tún un tò, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a óò máa kà lónìí. Fi bébà sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí o tì í, kí o fà á: bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ti kú, owó iná sì ń jò lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé ínsúlínì láti ibì kan sí ibòmíràn, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lójú ọ̀nà ni ike yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fírísà. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ ínsúlínì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á dì í. Kí wọ́n kó o sórí tábìlì títí tó fi máa làágùn, kí wọ́n mì ín sí etí. Bí wọ́n bá gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀, ó ti tó lò.

Gáàsì inú fíríìjì náà ṣe pàtàkì. R-404A ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 3,900 ju kábọ́ọ̀nù dayọ́ọ̀sáìdì lọ láàárín 100 ọdún, R-134a jẹ́ nǹkan bí 1,430, R-600a kò sì tó 5. Nígbà tí fíríìjì bá tó pààrọ̀, R-600a ni kí wọ́n béèrè, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì fa gáàsì inú ti àtijọ́ kí wọ́n tó gbé e jù.

R-134a yẹn kan náà ló ń ti oògùn jáde nínú ọ̀pọ̀ ínhélà. Ẹni tó bá ra ínhélà salbutamol, oògùn tó ń la ojú ọ̀nà èémí, lẹ́nu káńtà wa ń tú gáàsì fíríìjì sáfẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn gba ínhélà lọ́wọ́ ẹni tí èémí ń há. Ínhélà oníyẹ̀fun kò ní gáàsì, àmọ́ ó ń fẹ́ kí èèyàn fà á kíákíá, tagbáratagbára. Ọmọ kékeré kò lè ṣe é, ẹni tí ikọ́ fée ti dì mú gan-an náà kò sì lè ṣe é dáadáa. Dókítà àti aláìsàn ló máa pinnu. Ohun tí ilé oògùn lè ṣe ni kí kọ̀ǹpútà ṣe ìkìlọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ti gba ínhélà salbutamol mẹ́ta, irú èyí tí a lè fà nígbà 200, láàárín ọdún kan. Ẹni yẹn wà nínú ewu, àrùn rẹ̀ kò sí níkàáwọ́, ó sì ṣeé ṣe kó nílò oògùn tó ń dènà wíwú ojú ọ̀nà èémí. Bí apoògùn bá dá a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó wo bó ṣe ń fa ínhélà, tó sì kọ ìwé sí dókítà rẹ̀, ara rẹ̀ á yá, gáàsì tó ń tú jáde á sì dín kù.

Ohun tí a ń tà fúnra rẹ̀ wà lára ètò. Ní 2014, CVS, ilé oògùn ńlá tó ní ẹ̀ka púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, dá sìgá títà dúró pátápátá, ó mọ̀ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là ọjà lọ́dún ló ń jù sílẹ̀. Lójú tèmi, áńtíbáyọ́tíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, le ju sìgá lọ fún ilé oògùn, torí pé ọjà wa gan-an ni. Ìwádìí tó jáde ní 2022 fi hàn pé ní 2019, èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ló kú tààrà nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. Nítorí náà, kí áńtíbáyọ́tíìkì kúrò nínú iye tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tà lóṣù. Kí wọ́n má tà á láìsí ìwé dókítà, kí wọ́n má sì gé káàdì sí méjì fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pé. Tẹmómítà onímẹ́kúrì náà kò yẹ kó wà lórí pẹpẹ mọ́. Iná LED, ọ̀rá, rìsíìtì tí kò pọn dandan: ẹ ṣe wọ́n, wọn kò gba àròjinlẹ̀.

Ó ku bí a ó ṣe wọ̀n ọ́n. ISO 26000, ìlànà ojúṣe sí àwùjọ tó jáde ní 2010, ìtọ́sọ́nà lásán ni. Kò ní ìwé ẹ̀rí, ẹ má sì san owó fún ẹni tó bá sọ pé òun máa fún yín ní ọ̀kan. Ẹ kọ kílò oògùn tó kọjá ọjọ́ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ kílò tí oníbàárà dá padà, ẹ kọ wákàtí tí fíríìjì fi jáde kúrò ní 2°C sí 8°C. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó ìwúrí ọ̀gá ẹ̀ka sórí kílò tó kéré nìkan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ìwẹ̀ lọ lálẹ́, kílò á dín kù nínú ìwé, odò á sì gbà á. Ohun tó yẹ kí owó náà dá lé ni ìṣirò tó bá dọ́gba: iye tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, pẹ̀lú iye tó wọlé, yọ iye tí wọ́n tà, iye tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn, àti iye tí wọ́n kó lọ parun pẹ̀lú nọ́ńbà báàṣì rẹ̀. Ohun tó bá kù gbọ́dọ̀ bá iye tó wà lórí pẹpẹ mu. Níbi tí kò bá ti bá a mu, kí olùyẹ̀wò lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn tó wọ́n jù.